Oko Ni Mo Kà Á Sí

A ti bímọ, ọmọ náà ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́, kí ìyá ìyàwó mi tó bẹ̀ mí ní nǹkan kan. Kì í ṣe pé ìjà wà láàárín wa. Ojú ara wa ló ń tì wá. Bí mo bá dọ̀bálẹ̀ kí wọn, wọ́n á ní kí n dìde kíákíá, wọ́n á béèrè àlàáfíà mi, wọ́n á béèrè iṣẹ́, wọ́n á béèrè àwọn òbí mi, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Èyí tó bá kù, ọ̀dọ̀ ìyàwó mi ló ń gbà kọjá. "Bá mi sọ fún ọkọ rẹ pé ó ṣeun." Èmi náà á ní, "Bá mi sọ fún Mọ́mì pé kò tó ọpẹ́." Inú pálọ̀ kan náà ni gbogbo wa á sì wà o. Ìyàwó mi á wo èmi, á wo ìyá rẹ̀, á ní iṣẹ́ ońṣẹ́ ti sú òun.

Lọ́dún tí wọ́n wá kí wa ní Bramalea, lẹ́bàá Toronto ní Canada, àwọn àti bàbá ìyàwó mi, ìgbà tí yìnyín ti yọ́ tán ni wọ́n dé. Ìgbà tí ewé igi bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ni wọ́n máa padà. Ti Dádì kò le rárá. Ọ̀gá ilé ìwé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n ní oko ẹ̀gẹ́ kan ní Ìjẹ̀bú, ọ̀rọ̀ kì í sì í tán lẹ́nu wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n dé tí àwa méjèèjì ti jọ ń pariwo lé bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n. Mọ́mì ni mi ò mọ bí mo ṣe máa bá ṣeré. Bí a bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa jẹ, wọ́n á ní, "Ohun tí ẹ bá ń jẹ." Ibo ni kí a lọ lónìí? "Ibi tí ẹ bá ń lọ." Wọ́n gbin ilá àti ata àti tẹ̀tẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé wa, ibẹ̀ ni mo sì máa ń bá wọn tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á máa fa koríko.

"Ohun tí ẹ bá ń jẹ" yẹn máa ń bí mi nínú, ẹ má bínú. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ló bà mí jẹ́. Èmi ni mò ń pín ọkọ̀ akẹ́rù káàkiri láti ilé ìkẹ́rùsí kan tí kò jìnnà sí ilé wa. Awakọ̀ tó bá sọ fún mi pé ibi tó bá wù mí ni kí n rán òun lọ, àìsàn ló fẹ́ kó bá mi. Mo fẹ́ kí èèyàn sọ ohun tó ń fẹ́, kí n ṣe é fún un, kó parí. Látìgbà tí mo ti fẹ́ ọmọ wọn ni mo ti ń retí pé kí Mọ́mì la ẹnu lọ́jọ́ kan, kí wọ́n ní, "Báyìí ni kí o ṣe fún mi."

Nígbà tí àtipadà wọn sílé ń sún mọ́lé, ìyàwó mi ní kí a mú wọn lọ sí ìlú kékeré kan níhà àríwá Toronto, létí adágún ńlá kan, kí a sùn síbẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì di ọjọ́ Àìkú. Ó ní ìdí rẹ̀. Nínú pálọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, kàlẹ́ńdà kan wà lára ògiri tí ọdún rẹ̀ ti kọjá tipẹ́ tí wọn ò yọ, nítorí àwòrán orí rẹ̀: òkè tí yìnyín bò lórí, omi tó dúró jẹ́ẹ́, àwọn ilé olórùlé pupa, ọkọ̀ ojú omi funfun kan. Switzerland ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Ìyàwó mi ní abẹ́ àwòrán yẹn lòun ti kọ́ bí a ṣe ń ka ìwé. "Owó Switzerland ò sí," ó ní, "ṣùgbọ́n tibí yìí jọ ọ́ gan-an." Mo wo àwòrán ìlú náà lórí fóònù rẹ̀. Òkè kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n omi wà, ilé olórùlé pupa sì wà.

Ibi iṣẹ́ ni mo wà, mo ń jẹun ọ̀sán, nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ Mọ́mì wọlé. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ṣi nọ́ńbà ni. Wọn ò kọ nǹkan sí mi rí, àfi àdúrà ọjọ́ ìbí. Ohun tí wọ́n kọ nìyí:

"Oko omo mi, e ku ise o. Ilu eti omi ti e ni a n lo yen, mo fe wo oko nibe ki a to pada sile. E ma je ko ni yin lara o. Olorun a ran yin lowo."

Bí gbogbo wa ṣe ń kọ Yorùbá lórí fóònù ni wọ́n kọ ọ́, kò sí àmì lókè, kò sí àmì nísàlẹ̀. Ohun tí Mọ́mì wí ni pé àwọn fẹ́ wọ ọkọ̀. Ọkọ̀ ojú omi. Èmi wá rántí ilá tó wà lẹ́yìnkùlé wa, mo rántí ẹ̀gẹ́ tí ọkọ wọn kì í fi ẹnu sílẹ̀ lórí rẹ̀, mo sì kà á pé wọ́n fẹ́ wo oko. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ yìí, mo rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni. Ẹni tó ń pín ọkọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, oko ló rí kà.

Inú mi dùn débi pé mo dìde kúrò nídìí oúnjẹ. Mo tẹ èsì padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: "E fokan bale, ma. Oko nla ni maa mu yin lo, iru eyi ti e ko ri ri." Lójú Mọ́mì, ọkọ̀ ńlá ni mo ṣèlérí. Wọ́n da àdúrà bò mí, wọ́n fi àwòrán ọwọ́ tí a pa pọ̀ tì í lẹ́yìn, ó tò lọ bíi kòkòrò. Báyìí ni àwa méjèèjì ṣe ṣe àdéhùn, tí oníkálùkù sì ń gbọ́ tirẹ̀.

Mi ò sọ fún ìyàwó mi. Mo fẹ́ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ èmi àti Mọ́mì nìkan, nǹkan tí a kò fi rán ońṣẹ́. Mo wá oko kan rí ní ìtòsí ìlú náà, oko ápù ńlá tí àwọn èèyàn ń lọ ká èso fúnra wọn, mo sì gba àyè fún gbogbo wa ní ọjọ́ Sátidé. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ìyàwó mi jókòó tì mí pẹ̀lú fóònù rẹ̀.

"Boat cruise wà níbẹ̀ o," ó ní. "Saturday afternoon. Wọ́n ní ó ti fẹ́ parí fún season yìí. Ṣé kí n book ẹ̀?"

"Fi Saturday sílẹ̀ fún mi," mo ní. "Mo ní plan."

"Plan wo?"

"Ìwọ ṣáà fi Saturday sílẹ̀. Tí ó bá jẹ́ Sunday, a lè rí i ṣe."

Ó wò mí lóróòró, ó ní ó dáa, ọ̀gá ìrìn àjò. Ká ní mo la ẹnu pe ọ̀rọ̀ yẹn sí i létí ní ọjọ́ náà, "oko", pẹ̀lú ohùn rẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìyàwó mi ì bá bi mí, ohun gbogbo ì bá sì yanjú. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ṣe ìyanu fún àna mi, mo pa ẹnu mi dé.

Ọjọ́ Ẹtì la gbéra. Dádì jókòó síwájú lọ́dọ̀ mi, wọ́n ń ka gbogbo pátákó ojú ọ̀nà sókè bí ẹni tó ń máàkì ìwé. Mọ́mì wà lẹ́yìn pẹ̀lú ìyàwó mi àti ọmọ wa, wọn ò sọ púpọ̀. Nígbà tí a kúrò láàárín àwọn ilé gogoro tí igi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, mo gbọ́ tí wọ́n ń kọ orin kan sábẹ́ imú. Ìyàwó mi fẹsẹ̀ ti àga mi látẹ̀yìn, bí ẹni ń sọ pé ṣé o gbọ́ yẹn. Ìrọ̀lẹ́ ti fẹ́ lẹ̀ nígbà tí a dé hòtẹ́ẹ̀lì, a jẹun, a sùn.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, kí n tó dìde, Mọ́mì ti wà ní gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń jẹ oúnjẹ àárọ̀. Wọ́n ti múra tán. Wọ́n lọ́ ìró wọn sókè díẹ̀, wọ́n so ó le, wọ́n wọ bàtà rọ́bà, wọ́n fi gèlè kékeré kan so orí wọn, wọ́n mú eteetí rẹ̀ gba abẹ́ àgbọ̀n kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Wọ́n di ọsàn wẹ́wẹ́ kan sínú aṣọ ìnujú. Lójú mi, obìnrin tó mọ oko ló múra báyìí. Mi ò mọ̀ pé bí àwọn ará etí omi ṣe ń múra nìyẹn, pé ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n máa ń gbóòórùn tí ìgbì bá ń rú wọn nínú.

"Ẹ káàárọ̀, mà," mo ní, mo dọ̀bálẹ̀. "Mọ́mì ti múra tán pátápátá."

"Mo ti múra, ọkọ ọmọ mi," wọ́n ní, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kì í ṣe ẹ̀rín ìkíni. Ojú wọn tàn, eyín wọn yọ, wọ́n dà bí ọmọdé lọ́jọ́ ọdún. Mi ò rí wọn bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀nà oko náà gba etí adágún kọjá. Omi tẹ́ lọ rẹrẹ, ewé pupa àti ewé bí ọsàn yí i ká, ọkọ̀ ojú omi funfun kan sì wà létí rẹ̀, àwọn èèyàn ti ń tò láti gba tíkẹ́ẹ̀tì. Mọ́mì fọwọ́ kan gíláàsì mọ́tò.

"Ṣé ibí yìí ni?" wọ́n ní.

"Rárá o, mà," mo ní, mo ń wo ojú ọ̀nà. "Tiwa ṣì wà níwájú. Tiwa jù báyìí lọ."

Mo gbọ́ tí wọ́n mí kanlẹ̀ sí ẹ̀yìn. Lákòókò yẹn mo rò pé oko ló ń wù wọ́n.

Oko náà tóbi lóòótọ́. Igi ápù tò ní ìlà ní ìlà títí ojú fi mú un dé, elégédé sì wà nílẹ̀ tó pọ̀ bí òkúta. Wọ́n ní kí a gun tìrélà kékeré kan tí katakata ń fà, tí wọ́n kó koríko gbígbẹ sínú rẹ̀ fún ìjókòó. Dádì ti bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní wò ó bí wọ́n ṣe gé ẹ̀ka, wò ó bí wọ́n ṣe fi àyè sílẹ̀, wọ́n ní bí àwọn bá padà délé àwọn òṣìṣẹ́ oko àwọn á gbọ́ nǹkan. Mọ́mì gun tìrélà náà, wọ́n di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Wọ́n ń nàgà wo iwájú, ibi tí ọ̀nà gbà lọ láàárín àwọn igi. Wọ́n sọ nǹkan sí ọmọ wa létí.

"Daddy," ni ọmọ wa pariwo, "Grandma wants to know where the water is!"

Mo ní háà, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n. Mo fa omi inú ike yọ nínú báàgì, mo ṣí ìdérí rẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn.

Mọ́mì wo omi inú ike náà. Wọ́n wo àwọn igi ápù. Wọ́n wá wo ojú mi, ó pẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń ṣírò nǹkan. Lónìí, mo gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé wọn. Wọ́n gba omi náà, wọ́n mu ún, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, ọkọ ọmọ mi." Wọ́n sì tú gèlè abẹ́ àgbọ̀n wọn, wọ́n so ó sẹ́yìn bí wọ́n ṣe máa ń so ó nílé.

Láti ìgbà yẹn títí a fi kúrò níbẹ̀, kò sí ẹni tó gbádùn oko náà tó wọn. Wọ́n ká ápù, wọ́n yan èyí tó dára jù fún ọmọ wa. Wọ́n béèrè orúkọ koríko lọ́wọ́ mi, mi ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n jókòó láàárín elégédé kí n ya fọ́tò wọn. "Oko yìí mà tóbi o," wọ́n ní lójú gbogbo wa. "Ẹ kú ìnáwó. Ẹ kú ìṣe. Ọlọ́run á ṣe é fún yín láti ọ̀dọ̀ ọmọ." Wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́ nínú koríko, èmi ló sáré dì wọ́n mú. Orí mi wú. Mo wo ìyàwó mi bí ẹni pé kó wá rí iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Òun náà ń rẹ́rìn-ín, nítorí kò mọ ohun tí ìyá rẹ̀ kọ sí mi.

Ìtìjú ló máa ń mú mi bí mo bá rántí bí mo ṣe yan fanda láàárín àwọn igi yẹn.

Ní ọjọ́ Àìkú, ìjì dé. Kò sí òjò, atẹ́gùn ṣáà ni, ó ń ru omi adágún náà ní ìgbì ní ìgbì. A kó ẹrù wa sínú mọ́tò, a yà sétí omi lójú ọ̀nà ilé. Ọkọ̀ funfun yẹn wà níbẹ̀, wọ́n so ó mọ́lẹ̀. Ìyàwó mi ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ibi tí wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì. "Wọn ò lọ lónìí," ó ní. "Wind. Wọ́n ti parí fún ọdún yìí nìyẹn." Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ sọ pé mo sọ fún ọ. Èmi gbọn èjìká, mo ní ṣebí a ti rí oko.

Mọ́mì bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n rìn lọ títí dé orí afárá onípákó níbi tí wọ́n so ọkọ̀ náà mọ́, wọ́n sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà níbẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́ ìró wọn. Ọkọ̀ náà ń lọ sókè sódò, ó ń fi ara gbá òpó, wọ́n sì ń wò ó. Dádì ní òtútù pọ̀, àwọn ò bọ́ sílẹ̀. Èmi ń wo aago. Mo mọ ojú ọ̀nà yẹn ní ìrọ̀lẹ́ Àìkú, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ni títí dé Toronto, iṣẹ́ sì wà lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Mo fun fèrè mọ́tò díẹ̀. Wọn ò gbọ́, tàbí wọ́n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo rìn lọ bá wọn.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ ká máa lọ kí ọ̀nà tó dí."

Wọ́n dìde. "Ó ti tó," wọ́n ní. "Mo ti rí i."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," mo ṣáájú wọn lọ sídìí mọ́tò. Kò sì pẹ́ sí ìgbà náà tí a fi sìn wọ́n lọ sí pápákọ̀ òfuurufú.

Ìgbà òtútù ni ìyàwó mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó fẹ́ fi fọ́tò ìyá rẹ̀ láàárín elégédé ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ń wá a, ó bá àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn pàdé, ó kà á sókè bí ọmọ ṣe ń ka ohùn ìyá rẹ̀: "Ìlú etí omi tí ẹ ní à ń lọ yẹn, mo fẹ́ wọ ọkọ̀ níbẹ̀." Ó yíjú sí mi. "Ah-ah. Mọ́mì ní àwọn fẹ́ wọ ọkọ̀, o ò sọ fún mi?"

"Wo oko," mo ní. "Wọ́n fẹ́ wo oko. A sì lọ."

"Ta ló sọ̀rọ̀ oko? Màmá mi, ọmọ Ẹ̀pẹ́? Kí ni wọ́n fẹ́ fi oko ṣe?"

"Ṣebí wọ́n gbin ilá."

"Boredom ni wọ́n fi gbin ilá!" Ó fi fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó ní ọkọ̀ ni bàbá ìyá òun fi ń gbé èrò kọjá lórí ọ̀sà. Inú ọkọ̀ ni ìyá òun dàgbà sí. Látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ ọkọ wá sórí ilẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, wọn ò fẹsẹ̀ kan ọkọ̀ ojú omi mọ́. Ó ní bí wọ́n bá ń gé ẹ̀fọ́, tí ojú wọn bá lọ sára kàlẹ́ńdà yẹn, ọ̀bẹ á dúró.

"O ò sọ fún mi rí," mo ní.

"O ò béèrè rí."

Òótọ́ ni. Mo mọ irú ìrẹsì tí bàbá rẹ̀ fẹ́ràn, mo mọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wọn. Ti Mọ́mì, mi ò mọ̀ ju pé wọ́n ń fa koríko. Mo bi ìyàwó mi pé kí ló dé tí wọn ò sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n ní, "Kì í ṣe èyí ni mo wí." Mọ́tò wà níbẹ̀, omi kò jìnnà, ọkọ̀ ṣì máa gbéra ní ọ̀sán yẹn. Ó wò mí bí àlejò. "Kí wọ́n wá máa sọ fún àna wọn lójú gbogbo wa pé ó ṣìṣe? Lẹ́yìn tó ti náwó? Ṣé ìwọ á sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn?" Mo mọ̀ pé mi ò ní sọ ọ́.

Mo pè wọ́n ní ọjọ́ kejì. Mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ ní tààràtà, láìsí ońṣẹ́. "Mọ́mì, àtẹ̀jíṣẹ́ yín ọjọ́sí, ọkọ̀ lẹ wí, èmi ni mo ṣì í kà."

"Rárá o," wọ́n ní. "Oko ni mo wí."

"Mà, ìyàwó mi ti ṣàlàyé fún mi."

"Ọmọ yẹn kò mọ nǹkan tó ń sọ. Oko ni mo wí, ọkọ ọmọ mi, oko náà lẹ mú mi lọ, inú mi sì dùn. Ṣé ara yín le? Iṣẹ́ ń kọ́?" Mo tún gbìyànjú, wọ́n tún tì mí padà. Wọn ò jẹ́ kí n rí àyè bẹ̀bẹ̀ rárá. Mo fi ìka àbámọ̀ bọnu, mo ní kí wọ́n tún wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n ní Ọlọ́run á jẹ́ ká rí i. Èmi ti mọ ohun tí mo máa ṣe: bí wọ́n bá dé lónìí, ọ̀la la ó wà lórí omi. Mo ti ń wo ọkọ̀ oríṣiríṣi lórí fóònù mi ní àsìkò ìsinmi ibi iṣẹ́.

Ẹ̀ẹ̀rùn kò tíì dé nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru gbé Mọ́mì lọ. Wọ́n ṣe oúnjẹ àárọ̀ fún Dádì, wọ́n ní àwọn fẹ́ sinmi díẹ̀, wọn ò sì jí. Ìyàwó mi lọ sílé, èmi dúró ti ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ fún ẹnikẹ́ni lọ, nítorí ta ni mo fẹ́ sọ fún pé nítorí ọkọ̀ ni mo ṣe ń sunkún?

Ìyàwó mi ti padà dé nígbà tí àbúrò Mọ́mì obìnrin pè wá láti Ẹ̀pẹ́ lórí fóònù tó ń fi ojú hàn. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, ìyàwó mi ń fọ abọ́. Ó bá wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó wá na fóònù sí mi. "Wọ́n fẹ́ kí ọ," ó ní. Mo dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ ilé ìdáná kí n tó gbà á. Ojú Mọ́mì gan-an ni mo rí nínú fóònù náà, àfi pé èyí sanra díẹ̀.

"Àna wa, ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ẹ̀yin gan-an ni mo ń wá. Mi ò tíì dúpẹ́ oore tí ẹ ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi."

"Oore wo, mà?"

"Ẹ ẹ̀ rántí? Ọkọ̀ tí ẹ mú wọn wọ̀! Ọjọ́ tí wọ́n kọ̀wé sí yín ni wọ́n ti pè mí. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi, ṣé àna ẹni là ń bẹ irú ìyẹn? Wọ́n ní ẹ ti dá àwọn lóhùn, ẹ ní ọkọ̀ ńlá ni, irú èyí táwọn ò rí rí. Gbogbo àdúgbò yìí ni mo sọ ọ́ fún. Ìgbà tí wọ́n dé, ibi tí mo jókòó sí yìí ni wọ́n jókòó sí, wọ́n sọ gbogbo ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ náà funfun. Wọ́n ní atẹ́gùn pọ̀, ìgbì ń gbé wọn sókè sódò. Wọ́n ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ di ọwọ́ wọn mú títí wọ́n fi wọlé."

Omi ẹ̀rọ ti dákẹ́ lẹ́yìn mi. Ìyàwó mi ti pa á.

"Wọ́n ní iwájú lẹ ní kí wọ́n jókòó sí," ni àbúrò Mọ́mì ń bá a lọ. "Ìyẹn ni mo ní kí n bi yín, ẹ má bínú. Bàbá wa kì í gba ọmọbìnrin láyè níwájú ọkọ̀ láéláé. Ẹ̀yìn la máa ń wà, lórí ẹrù. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún iwájú yẹn títí wọ́n fi lọ ilé ọkọ. Ṣé lóòótọ́ ni, àna wa? Ṣé iwájú ni wọ́n jókòó sí?"

Mo wo ẹ̀yìn. Ìyàwó mi dúró pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, omi ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," mo ní. "Iwájú ni wọ́n jókòó sí."

Wọ́n bú sẹ́kún, wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.